WhatsApp, Telegram àti Signal: kí ni wọ́n mọ̀ nípa wa, kí sì ni wọ́n ń fi í ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti pẹ́ nínú mi, gbèsè ẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ya fọ́tò ìwé kan, tó sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìwé owó ọ̀nà ọlọ́dà ni. Wọ́n ti sanwó fún agbaṣẹ́ṣe, ọ̀nà ò sì sí níbẹ̀. A jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin, mò ń bi í léèrè, ó ń dá mi lóhùn. Mi ò tíì kọ ìlà kan jáde nínú ìròyìn náà tí ọ̀gá ẹ̀ fi pè é wọ ọ́fíìsì, tó sì ń ka ohun témi pẹ̀lú ẹ̀ jọ sọ sí i létí bí ẹni ń ka Bíbélì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí abúlé kan tó jẹ́ pé ọ̀kadà méjì ló gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó débẹ̀. Nígbà tó pè mí, kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sẹ́ni tó lè ka WhatsApp ẹlòmíì?"

Lóòótọ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé irọ́ kọ́ ni mo pa fún un. Ohun tí mo sọ jóòótọ́, ó sì kó bá a. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka gbogbo ohun tọ́wọ́ mi bá bà nípa àwọn áàpù yìí, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, èèyàn gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ fún mi kó sì sùn lálẹ́. Ibi tí mo bá a dé ni mo fẹ́ kó kalẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti jóòótọ́. Látoṣù Kẹrin ọdún 2016, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ sí èèyàn lórí WhatsApp, fóònù yín ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, fóònù ẹni tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tó máa ṣí i. Lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ilé-iṣẹ́ WhatsApp fúnra ẹ̀ ò lè kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìpè, fọ́tò àti ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tì í yìí, kì í ṣe WhatsApp ló dá a sílẹ̀ o, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe Signal ni wọ́n ti gbà á. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ lágboolé pé Mark Zuckerberg jókòó ní Amẹ́ríkà tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí àfẹ́sọ́nà wọn, kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ, n ni ìpolówó ẹ̀rọ ìfọṣọ bá yọ sí mi lórí Facebook!" Mo ti gbọ́ ìyẹn tó ìgbà ogún. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ ò wá iye tí wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, tàbí bóyá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lo Wi-Fi kan náà ò wá a. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé àwọn tó ń tajà ló ti gba Facebook láyè kó máa mọ ẹni tó wọlé sọ́dọ̀ wọn. Wọn ò nílò láti gbọ́ ohùn yín kí wọ́n tó mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù ju kí wọ́n máa tẹ́tí gbọ́ wa lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni èyí. Ká sọ pé ẹ ní ọmọ kan tó ń bá yín gbé lẹ́tà kiri. Ọmọ dáadáa ni, kò já lẹ́tà yín wò rí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lẹ̀ ń kọ̀wé sí lọ́yà kan. Ó mọ̀ pé ẹ kọ̀wé sí dókítà ní aago méjì òru, ẹ sì kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀. Ó mọ ẹni tẹ́ ẹ ti dákẹ́ sí láti Kérésì. Lẹ́tà kan ò ṣí, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn ti mọ púpọ̀ nípa ilé yín. Ohun tí WhatsApp mọ̀ nìyẹn: nọ́ńbà yín, nọ́ńbà àwọn tó wà lórí fóònù yín tẹ́ ẹ bá fún un láyè, irú fóònù tẹ́ ẹ ń lò, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì yín tó ń sọ agbègbè tẹ́ ẹ wà, ìgbà tẹ́ ẹ wọlé, orúkọ àwọn gúrúùpù tẹ́ ẹ wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé àwọn ò lè ka ọ̀rọ̀ yín, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àpò lẹ́tà ni wọn kì í sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí ni wọ́n wá ń fi àpò lẹ́tà ṣe? Ká tó dáhùn, ó yẹ ká mọ bí ilé náà ṣe dé ọwọ́ ẹni tó wà lónìí.

Àwọn méjì ló dá WhatsApp sílẹ̀ lọ́dún 2009, Jan Koum àti Brian Acton, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yahoo. Orílẹ̀-èdè Ukraine ni wọ́n bí Koum sí, láyé ìgbà ìjọba Soviet, níbi tí èèyàn kì í ti í sọ̀rọ̀ fàlàlà lórí tẹlifóònù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó dé Amẹ́ríkà. Acton ní tiẹ̀, ó wá iṣẹ́ lọ sí Facebook lọ́dún 2009 yẹn kan náà, wọn ò gbà á. (Ẹ má gbàgbé ìyẹn.) Àwọn méjèèjì kórìíra ìpolówó. Ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ò ju dọ́là kan lọ́dún, ọ̀pọ̀ wa níbí ò tiẹ̀ san án rí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Facebook kéde pé òun máa ra WhatsApp ní dọ́là bílíọ̀nù 19. Koum fi àwọn tó ń lò ó lọ́kàn balẹ̀ pé nǹkan kan ò ní yí padà. Ọdún méjì ni nǹkan fi dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, wọ́n kéde pé WhatsApp máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún Facebook ní nọ́ńbà àwọn tó ń lò ó, wọ́n sì fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sọ pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n fi í ṣe ìpolówó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, ẹ nawọ́. Èmi ò rántí ẹ̀. Mo rí nǹkan kan tó yọ lójú fóònù, mo tẹ "Agree", mo ń bá tèmi lọ.

Àwọn ará Yúróòpù ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Facebook ń ra WhatsApp, ó ti sọ fún European Commission pé òun ò ní lè so àkáǹtì WhatsApp èèyàn mọ́ ti Facebook ẹ̀ bó ṣe yẹ. Commission wá rí i pé ọ̀nà láti ṣe é ti wà lọ́dún 2014 yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ Facebook sì mọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n bu owó ìtanràn yúrò mílíọ̀nù 110 fún un.

Acton fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2017. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa fi WhatsApp pa owó ló dá ìjà sílẹ̀, ìpíndókòwò tó sì fi sílẹ̀ lọ tó dọ́là mílíọ̀nù 850. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ó kọ ọ́ síta gbangba pé káwọn èèyàn pa Facebook rẹ́ lórí fóònù wọn. Koum náà kéde pé òun ń lọ ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Ẹni tí wọn ò gbà síṣẹ́, tí wọ́n wá ra ilé tó kọ́ lówó gegere, ló tún ń sọ fún ayé pé kí wọ́n má bá wọn da nǹkan pọ̀ mọ́. Àwọn kan ní aláìmoore ni, ó ti gba owó ẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ó mú dọ́là mílíọ̀nù 50 nínú owó yẹn, ó fi dá Signal Foundation sílẹ̀ pẹ̀lú Moxie Marlinspike lọ́dún 2018.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021 ni gbogbo wa tó ta jí. Àkọlé kan yọ lórí WhatsApp pé ká gba òfin tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, títí ọjọ́ 8 oṣù Kejì, a ò ní lè lò ó mọ́. Elon Musk kọ ọ̀rọ̀ méjì péré pé kí èèyàn lo Signal, n ni ayé bá rọ́ lọ síbẹ̀ débi pé kóòdù tí Signal fi ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ ò tètè dé mọ́. Gúrúùpù àwọn tá a jọ jáde ní Poli náà kó ẹrù. Telegram ni wọ́n kó o lọ, wọ́n ní ibẹ̀ ni àṣírí bò jù. Màá padà sórí ìyẹn.

Òfin tuntun yẹn kì í ṣe pé Facebook máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi. Ilé-iṣẹ́ àti oníṣòwò ló dá lé jù. Bí ẹ bá kọ̀wé sí báǹkì tàbí ilé ìtajà lórí WhatsApp, ilé-iṣẹ́ yẹn lè fún ẹlòmíì ní iṣẹ́ títọ́jú ọ̀rọ̀ náà, Facebook sì lè jẹ́ ẹni yẹn. Ibẹ̀ ni owó wà: àwọn ilé-iṣẹ́ ń sanwó láti bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ariwo pọ̀, wọ́n sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún.

Ohun tó bí èmi nínú ni pé kì í ṣe òfin kan náà ni wọ́n fún gbogbo ayé. Àwọn ará Yúróòpù ní tiwọn lọ́tọ̀, nítorí òfin wọn le. Àwa níbí, gbà á tàbí kó o fi í sílẹ̀. Àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, FCCPC, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹ̀ lọ́dún 2021 yẹn, oṣù méjìdínlógójì ni wọ́n sì lò lórí ẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n kéde owó ìtanràn dọ́là mílíọ̀nù 220 fún Meta, ìyẹn orúkọ tí Facebook ń jẹ́ báyìí. Lára ohun tí wọ́n sọ ni pé Meta ò jẹ́ ká lè fúnra wa pinnu ohun tí wọ́n máa fi àkọsílẹ̀ nípa wa ṣe, àti pé ó fojú tẹ́ńbẹ́lú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà lórílẹ̀-èdè míì. Meta ní òun ò gbà. Ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ l'Ábújá, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ pé Meta ti sọ nínú ìwé ilé ẹjọ́ pé ó ṣeé ṣe kóun ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà.

Inú àwọn kan ò dùn sí FCCPC. Àbúrò mi obìnrin tó ń ta bàtà lórí Instagram pè mí, ó ní, "Bọ̀dá mi, tí wọ́n bá tì í, ṣé FCCPC ló máa bá mi ta bàtà?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò fi ṣeré. Èmi ṣì wà lẹ́yìn FCCPC. Ẹni tó bá lè fún ará Jámánì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, ó lè fún wa náà, kò ní gbà á lówó tó ju èyí tó ń pa lórí wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tanra wa: owó ìtanràn ìjọba la ń sọ. Kọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀ ò kan ẹ̀yin tí wọ́n fi nọ́ńbà yín ṣòwò.

Ó yá, Telegram táwọn ọ̀rẹ́ mi sá lọ. Pavel Durov, ará Rọ́ṣíà tó dá VK sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2013. Gbogbo ayé gbà pé ibẹ̀ ni ibi ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ lórí Telegram lásán, ọ̀dọ̀ Telegram ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Àfi tẹ́ ẹ bá ṣí "Secret chat" ni wọn ò ní lè kà á, ẹ̀yin méjì péré ló sì lè wà nínú ẹ̀. Kò sí ti gúrúùpù rárá. Ẹ rí i pé àwọn tá a jọ jáde sá kúrò níbi tí wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ gúrúùpù wọn pa, wọ́n lọ síbi tí wọn kì í ti í tì í. Nígbà tí wọ́n mú Durov ní Faransé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, kò pẹ́ tí Telegram fi yí òfin ẹ̀ padà, pé òun lè fún ìjọba ní nọ́ńbà àti àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ẹni tó rú òfin òun tí wọ́n bá mú ìwé tó bófin mu wá. Mo fẹ́ràn Telegram fún fíìmù àti ìwé ńlá. Ẹni tó bá ní ìwé ọ̀nà ọlọ́dà lọ́wọ́, mi ò ní ní kó gbé e gbabẹ̀.

Signal ló kù. Kò sí olówó ìpín níbẹ̀, ọrẹ táwọn èèyàn ń dá ló fi ń jẹun. Gbogbo bí wọ́n ṣe kọ áàpù náà wà níta, kí ẹni tó bá gbọ́n tó tú u wò. Ohun tó mú mi gba tiẹ̀ gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Lọ́dún 2016, ìwé dé láti Virginia ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa nọ́ńbà méjì sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kó sílẹ̀ kò ju méjì lọ: ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì náà, àti ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn. Wọn ò purọ́. Ohun téèyàn ò kó jọ, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìṣòro Signal ò ju pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo ní èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lórí WhatsApp, lórí Signal wọn ò tó ọgbọ̀n. Ìyá mi wà lórí WhatsApp. Gúrúùpù ẹbí, ti ìjọ, ti lánlọ́ọ̀dù, ti kíláàsì àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù tún ń ta détà tó jẹ́ WhatsApp nìkan ló wà fún, owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ò ní ju igba náírà lọ lọ́wọ́, ṣé ó ń yan áàpù ni, àbí wọ́n ti bá a yàn án? Nítorí náà, nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan bá ń sọ pé "ẹ fi WhatsApp sílẹ̀ tó bá dùn yín", mo máa ń mọ̀ pé kò ní gúrúùpù lánlọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ mi. Facebook kọ́ ló tà á. Kò sẹ́ni tó já kọ́kọ́rọ́ kankan. Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, ó fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù kan jáde, ó bá so WhatsApp ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ó tẹ ìwé ẹ̀ tán, ó dìde, kò tú u. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tó ń wọlé sórí fóònù ẹ̀ ló ń wọlé síbẹ̀ náà, ẹni tó bá sì jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà yẹn lè máa kà á. Nígbà tí mo gbọ́, ó rẹ̀ mí. Mo ti kọ́ ọ nípa kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú, mi ò ní kó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó máa bá mi jiyàn lórí Zuckerberg, ẹ ṣí WhatsApp yín, ẹ lọ sí "Linked devices", ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tẹ́ ò mọ̀, ẹ tú u dànù lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín tí fóònù ń kó pamọ́ sọ́dọ̀ Google tàbí Apple: látọdún 2021 ni WhatsApp ti fàyè gbà wá láti ti ìyẹn náà pa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tan "End-to-end encrypted backup" fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ inú fóònù yín ò bo ẹ̀dà yẹn. Ẹ tan "Two-step verification" náà, kí ẹni tó bá jí kóòdù yín má lè gba nọ́ńbà yín. Ẹ tún mọ̀ pé bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ bá fẹjọ́ yín sun WhatsApp, ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn nínú ohun tẹ́ ẹ kọ sí i ló máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Àti pé ẹni tó bá lè ya fọ́tò ojú fóònù ẹ̀, kò sí áàpù tó mú un.

Àwọn áàpù ayánilówó ńkọ́? Ọkùnrin tó ń rán aṣọ fún mi yá owó tí ò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lórí ọ̀kan. Ó pẹ́ ọjọ́ mẹ́rin kó tó san án. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé sórí fóònù mi, fọ́tò ẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kọ "OLÈ" sí i. Ó dé sórí fóònù àna ẹ̀ náà. Áàpù yẹn tọrọ àyè láti wo nọ́ńbà gbogbo èèyàn tó mọ̀, ó sì tẹ "Allow". Lọ́dún 2022 ni FCCPC bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ọdún 2023 sì ni òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa wa jáde. Wọn ò tíì tán nígboro. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé, "Èmi ò ní nǹkan tí mò ń pamọ́," télọ̀ mi ni mo máa ń rántí. Kò pa ohunkóhun mọ́ lóòótọ́. Nọ́ńbà àna ẹ̀ ni wọ́n fi nà án.

Èmi ò gbà pé èṣù ni àwọn ilé-iṣẹ́ yìí, mi ò sì gbà pé ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n. Mo kàn máa ń béèrè ẹni tó ń sanwó oúnjẹ wọn. Koum àti Acton kórìíra ìpolówó, ó sì dá mi lójú pé tọkàntọkàn ni. Àwọn tó rà wọ́n kì í kórìíra ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, WhatsApp kéde pé ìpolówó máa wọ ibi tá a ti ń wo "Status". Wọ́n ní kò ní dé ibi tá a ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Bóyá kò ní dé ibẹ̀. Koum náà ti sọ pé nǹkan kan ò ní yí padà.

Ẹbí àti oníbàárà mi, WhatsApp la fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́, Signal ni mo máa ń ní kó bá mi wá. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lábúlé dé orí ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ti tò ó kí gbogbo ọ̀rọ̀ máa pòórá láàárín ọjọ́ kan. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sí mi ni pé òun ò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kankan, òun sì ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó kọ tẹ̀ lé e ni pé ọ̀nà ọlọ́dà yẹn, wọ́n ti tún buwó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i.